Dáyálísíìsì Nílé: Èyí tí Fídíò Lè Kọ́ Wa àti Èyí tí A Gbọ́dọ̀ Béèrè ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Bí dókítà bá ti sọ pé kíndìnrín ẹnì kan ti fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ohun tó máa ń wá sọ́kàn gbogbo ilé ni ẹ̀rọ ńlá kan nílé ìwòsàn, tí wọ́n á fi rọ́bà so mọ́ aláìsàn lára, tí ẹ̀jẹ̀ á máa jáde, tí á sì máa padà wọlé. Nígbà tó bá yá, ọmọ tó wà lókè òkun á fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp: òyìnbó kan jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, ó ń wo bọ́ọ̀lù, ó ń ṣe dáyálísíìsì, ìyẹn ìtọ́jú tó ń fọ ìdọ̀tí àti omi kúrò lára dípò kíndìnrín, kò sí nọ́ọ̀sì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á wá dàrú. Ẹnì kan á ní irọ́ ni. Ẹlòmíràn á ní kí wọ́n lọ ra ẹ̀rọ náà kíákíá, iye yòówù kó jẹ́. Bàbá tó ń ṣàìsàn gan-an kò tíì sọ nǹkan kan.

Òótọ́ ni fídíò náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ ara: iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe, ohun tí dáyálísíìsì ń ṣe dípò rẹ̀, ewu tó wà níbẹ̀. Ìyẹn kò yàtọ̀, ìbáà ṣe Seattle ní Amẹ́ríkà, ìbáà ṣe Ìsọ̀kùn ní Iléṣà. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ètò: ta ló ń sanwó, ta ló ń gbé àpò omi wá sẹ́nu ọ̀nà, ta ló ń gbé fóònù bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Ti ìlú tí wọ́n ti ya fídíò náà nìyẹn. Aláìsàn tó bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ ló lè jókòó níwájú dókítà, kó sì yan ohun tó bá ayé rẹ̀ mu. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn, nítorí ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tó máa bá wọn lò fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀ pé ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ.

Kíndìnrín méjì ló wà lẹ́yìn wa, lábẹ́ ìhà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́. Láàárín ọjọ́ kan, omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ tó nǹkan bíi 180 lítà. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sínú ara. Lítà kan sí méjì péré ló ń bá ìtọ̀ jáde, pẹ̀lú ìdọ̀tí ara. Wọ́n tún ń bójú tó ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun tó ń jẹ́ kí ara lè ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wà níwájú nínú ohun tó ń bà wọ́n jẹ́. Oògùn ara ríro tí a ń lò láìdáwọ́dúró ń bà wọ́n jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn àgbo kan, àti ìpara ìbóra tí wọ́n po mercury mọ́.

Nọ́ńbà kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé kíndìnrín rẹ̀ ní ìṣòro mọ̀: eGFR, tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó hàn. Wọ́n ń ṣírò rẹ̀ láti inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine, pẹ̀lú ọjọ́ orí aláìsàn, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ọ̀dọ́ tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáká máa ń ní 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 15 fún ìgbà pípẹ́, kíndìnrín ti kùnà nìyẹn. Láàárín 15 sí 29 ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ara lè má tíì dùn yín rárá nígbà yẹn, ẹ ṣì lè máa lọ ọjà, kí ẹ máa wa mọ́tò, ohun tó sì ń tan ọ̀pọ̀ jẹ nìyẹn. Wọ́n á fi ìwé àyẹ̀wò pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí títí ẹsẹ̀ á fi wú, tí èémí kò ní já gaara mọ́, tí wọ́n á gbé wọn dé ilé ìwòsàn lóru, tí wọ́n á ki rọ́bà bọ iṣan ọrùn wọn, tí wọ́n á so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀mí ni àwọn oníṣègùn ń dù, ohun tó yẹ ni wọ́n sì ṣe. Ṣùgbọ́n aláìsàn kò yan nǹkan kan ní òru ọjọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ òru ọjọ́ yẹn ló sábà máa ń pinnu bí yóò ṣe máa gba ìtọ́jú lọ.

Kí a tó lọ jìnnà: dáyálísíìsì kì í wo kíndìnrín tó ti bàjẹ́ pátápátá sàn. Ó ń bá a ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni, bí ẹ bá sì dá a dúró, ìdọ̀tí àti omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kún ara. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ṣàdédé bàjẹ́ nítorí ibà líle tàbí ẹ̀jẹ̀ tó dà nù níbi ìbímọ lè ṣe é fún ìgbà díẹ̀ kí kíndìnrín rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tí tiwọn ti pẹ́ ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Èyí tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Willem Kolff, dókítà kan ní Netherlands, ló kọ́kọ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tọ́jú ènìyàn ní 1943. Ó dé Nàìjíríà ní 1981, ní Èkó. Ìlànà rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀, kíndìnrín tó dá sì ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ ń fi wákàtí 12 ṣe ohun tó bá lè ṣe. Ìdí nìyí tí ara fi máa ń rẹ aláìsàn tẹnutẹnu bó bá dé láti ibẹ̀, ìdí náà sì ni wọ́n fi ń dín omi mímu rẹ̀ kù, tí wọ́n ń ní kó ṣọ́ra fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn àti omi àgbọn nítorí potassium inú wọn, èròjà kan tó ń kún ẹ̀jẹ̀ bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ kò lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ nítorí owó, ẹ̀ẹ̀kan kò sì tó fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá wá ń ti Iléṣà lọ sí Ifẹ̀ fún un, ọjọ́ náà ti lọ pátápátá, tirẹ̀ àti ti ẹni tó sìn ín lọ.

Èkejì ni ti ikùn, òun ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ilé òkèèrè ń ṣe nílé, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ yé dáadáa. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde lára níbẹ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà nínú ikùn gbogbo ènìyàn tó yí ìfun ká, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ sì pọ̀ lára rẹ̀. Dókítà á ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré, á fi rọ́bà rírọ̀ kan sí ikùn nítòsí ìdodo, á fi ìwọ̀n bí gígùn àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ níta. Wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ sinmi fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, aláìsàn á máa gba inú rọ́bà yẹn da omi tí wọ́n ti po ṣúgà mọ́ sínú ikùn, lítà méjì nígbà kan fún àgbàlagbà. Omi náà á jókòó síbẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ á máa gba ara awọ yẹn bọ́ sínú rẹ̀. Ṣúgà ni yóò fa omi tó ti pọ̀ jù lára jáde. Ẹni tó bá ti bu iyọ̀ sí ìgbín rí láti fọ̀ ọ́ mọ bí omi ṣe ń tú jáde lára rẹ̀. Bí àkókò bá pé, á ṣí rọ́bà, omi ìdọ̀tí á dà sínú àpò tó ṣófo, á sì da tuntun sí i. Gbogbo ìpàrọ̀ yẹn kì í ju bí ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ń ṣe é: ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, àti kí wọ́n tó sùn. Láàárín ìpàrọ̀ kan sí èkejì, aláìsàn lè dìde kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, omi wà níkùn, aṣọ bo rọ́bà.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan: kò sí iná mànàmáná nínú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé yìí. Wọ́n á gbé àpò omi kọ́ sókè, á sì fúnra rẹ̀ ṣàn wọlé. Àwọn tó ń rò pé NEPA kò ní jẹ́ kí dáyálísíìsì ilé ṣeé ṣe ní Ifẹ̀ ń ro ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kékeré wà lóòótọ́ tó ń pàrọ̀ omi ikùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá sùn, fún bíi wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, òun ni ẹ sì sábà máa ń rí nínú fídíò. Ìyẹn nílò iná. Ti ọwọ́ kò nílò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ni Robert Popovich àti Jack Moncrief ti gbé ti ọwọ́ yìí jáde ní 1976, ó sì ti ran àìmọye ènìyàn lọ́wọ́ láti ìgbà náà.

Ó ní àǹfààní tó ju ti ìrìn àjò lọ. Nítorí pé ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ara kì í gbọ̀n sókè sódò bíi ti ẹ̀rọ, òfin oúnjẹ kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ díẹ̀ tó kù tí kíndìnrín ṣì ń ṣe sábà máa ń pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ewu rẹ̀ pamọ́. Bí kòkòrò bá gba inú rọ́bà wọ ikùn, ó lè pa ènìyàn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ aláìsàn fún bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó fi í sílẹ̀: kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa, kó nù ún gbẹ, kó bo imú àti ẹnu, kó ti fèrèsé, kó pa fáànù, kó má jẹ́ kí ewúrẹ́ tàbí ọmọ kékeré wọ yàrá náà, kó má fi ọwọ́ kan ẹnu rọ́bà. Bí omi tó jáde bá dàrú bí omi ògì, tí ikùn ń dun ènìyàn, tàbí tí ibà dé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì gbé àpò omi náà dání kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnikẹ́ni má dúró di ọjọ́ kejì. Ṣúgà inú omi náà máa ń mú kí ènìyàn sanra, ó sì lè gbé ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sókè. Èròjà tó ń mú ara le ń bá omi jáde, nítorí náà ẹyin, ẹja àti ẹran gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ sí níkùn léraléra lè má lè ṣe é. Dókítà ló máa sọ. Bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, agbára awọ náà lè dín kù, kí aláìsàn sì ní láti bọ́ sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ wá sílé. Ó wà ní ilẹ̀ òkèèrè láti bí 1964. Àmọ́ ẹ̀rọ bíi ti ilé ìwòsàn ń lo omi mímọ́ tó tó 120 lítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, omi tí wọ́n ti sẹ́ ju ti kànga tàbí píọ́ wọ́tà lọ fíìfíì, ó nílò iná tí kì í ṣẹ́jú, àti ẹni tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gún abẹ́rẹ́ síṣan. Fún ọ̀pọ̀ ilé ní ìlú wa, mi ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ ètò. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1972 ló jẹ́ kí Medicare, ètò ìlera ìjọba wọn, máa san èyí tó pọ̀ jù nínú owó dáyálísíìsì fún ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá kùnà, láìka ọjọ́ orí sí. Láti 2010, ó tún ń sanwó ìjókòó ẹ̀kọ́ tó tó mẹ́fà fún ẹni tí eGFR rẹ̀ bá wà láàárín 15 sí 29, kí ó lè mọ gbogbo ọ̀nà tó wà kí ó tó nílò wọn. Ní Hong Kong, láti 1985 ni ti ikùn ti jẹ́ ohun tí ìjọba kọ́kọ́ ń fún aláìsàn, àfi bí ìdí bá wà tí kò fi lè ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i nínú fídíò pé ọkọ̀ já páálí omi sílẹ̀ níwájú ilé, kí ẹ rántí pé ẹnì kan ti san owó rẹ̀, ẹnì kan sì ti ṣètò ọkọ̀ náà. Lítà méjì lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ lítà mẹ́jọ lójúmọ́, 240 lítà lóṣù. Ní Nàìjíríà, òkè òkun ni púpọ̀ nínú omi yìí ti ń wá, ó wọ́n, ilé ìwòsàn tó ń ṣe ti ikùn fún àgbàlagbà kò sì pọ̀. Àìsí omi yìí ló ń dí wa lọ́nà jù. Bó bá tán láàárín oṣù, kò sí ohun tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀ nílé.

Ti ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ní oṣù kẹjọ 2025 pé iye owó ẹ̀ẹ̀kan yóò bọ́ sílẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan. UCH ní Ìbàdàn àti FMC ní Abẹ́òkúta wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ. Bí ẹ bá ń gba ìtọ́jú ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ẹ béèrè bó bá ti kan ibẹ̀. Bí ẹ bá wà lábẹ́ NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ìjọba àpapọ̀, ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n máa san fún. Kí ẹ sì má gbàgbé pé kíndìnrín tuntun tí ẹlòmíràn fi tọrẹ náà jẹ́ ọ̀nà kan. OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpàrọ̀ kíndìnrín láti 2002.

Ẹ̀kọ́ orí fóònù wá ńkọ́? Ó wúlò, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé lò ó. Ní Calgary ní Kánádà, àwọn oníwádìí fún àwọn aláìsàn kíndìnrín kan ní ìwé pẹlẹbẹ àti fídíò, wọ́n sì pè wọ́n jókòó ní ẹgbẹ́ kékeré láti jíròrò. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2005, ó ju mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó gba ẹ̀kọ́ lọ tó ní àwọn fẹ́ máa ṣe ìtọ́jú náà fúnra àwọn. Lápá kejì, bí ìdajì ni. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni ìjókòó yẹn. Fídíò nìkan kọ́ ni wọ́n gbé lé aláìsàn lọ́wọ́.

Ní ilé wa, ìjókòó náà lè jẹ́ ọmọ àti ìyá rẹ̀. Àwọn fídíò tó dára jù wà ní Gẹ̀ẹ́sì, Màmá sì lè má gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ wò ó lẹ́ẹ̀kan fúnra rẹ̀, kó wá bá Màmá wò ó, kó máa dá a dúró, kó máa túmọ̀ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí Màmá béèrè ohun tó bá ń rú u lójú. Ẹ má fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ kí ẹ wá máa bi í léèrè lọ́jọ́ kejì bóyá ó ti wò ó. Ẹ wo ẹni tó ṣe fídíò náà: ṣé ilé ìwòsàn tàbí ẹgbẹ́ àwọn dókítà kíndìnrín ni, ṣé wọ́n kọ ọdún sí i, ṣé wọ́n sọ ewu pẹ̀lú àǹfààní? Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ń ta àgbo kan tó ní yóò jí kíndìnrín tó ti kú, tó sì ní kí ẹ jáwọ́ nínú dáyálísíìsì, ẹ pa á rẹ́. Mo ń sọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn, nítorí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ń rìn káàkiri WhatsApp ju ti dókítà lọ.

Àwọn ìkànnì kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ rárá. Ìbéèrè tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ni ohun tí ẹ kò fẹ́ kí àìsàn gbà lọ́wọ́ yín: ṣé iṣẹ́ ni, ṣé oorun inú ilé yín ni, ṣé oúnjẹ, ṣé ìrìn àjò? Mo fẹ́ràn ọ̀nà yẹn gidigidi. Ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Àtàkúnmọ́sà ní Iléṣà lè ní òun kò lè ti ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ti ikùn lè bá a mu bó bá rí yàrá kan tó mọ́ tóní-tóní, àyè tó gbẹ láti to páálí sí, àti ibi tí omi inú àpò yẹn ti dájú. Bàbá tó ń dá gbé ní Mọ̀ọ̀rè ní Ifẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n, lè fẹ́ràn ilé ìwòsàn jù nítorí pé á rí nọ́ọ̀sì, á sì rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní òpè nítorí ìyẹn. Kí àwọn ọmọ tó ń sanwó sọ iye tí agbára wọn ká, kí wọ́n sọ ọ́ lójú Bàbá, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó gbẹ́nu sí i.

Bí ẹ bá ti wo fídíò tán, ohun tó kù jẹ́ ti ilé ìwòsàn, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ṣé wọ́n ń ṣe ti ikùn níbí, àbí ibo ni wọ́n máa juwe fún wa? Níbo ni omi ti ń wá, èló ni ti oṣù kan, ṣé ó tán rí láàárín ọdún tó kọjá, kí ni wọ́n sì ṣe fún àwọn aláìsàn nígbà náà? Ta ló máa kọ́ wa, ọjọ́ mélòó? Nọ́ńbà ta ni a máa pè lóru? Bó bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ni a yàn, ìgbà wo ni ẹ lè so iṣan apá pọ̀ fún wa? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, torí iṣan tí wọ́n so pọ̀, níbi tí ẹ̀rọ á ti máa fa ẹ̀jẹ̀, máa ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tàbí oṣù díẹ̀ kó tó ṣeé lò, ó sì dára ju rọ́bà ọrùn lọ fún ẹni tó máa pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Láti ìsinsìnyí, ẹ sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín fún àyẹ̀wò pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni kó ti gbà á, kó fi apá tí ẹ kì í sábà lò sílẹ̀, kí iṣan ibẹ̀ má bàa bàjẹ́ kí wọ́n tó so ó pọ̀.

Ẹ tún béèrè bí ẹ ṣe lè yí padà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ lóru pàjáwìrì lè bọ́ sórí ti ikùn lẹ́yìn oṣù díẹ̀ bí ara rẹ̀ bá gbà á, ẹni tó wà lórí ti ikùn sì lè lọ sórí ẹ̀rọ bí omi bá wọ́n tàbí bí kòkòrò bá ń dà á láàmú. Ẹ ní kí dókítà kọ èyí tí ẹ yàn, àti ìdí tí ẹ fi yàn án, sínú fáìlì yín, kí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru lè rí i.